Bàtà Létí Odò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ o. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní church, ó ṣì ń dùn mí ni.

Ẹ mọ̀ pé caregiver ni mí. Bàbá òyìnbó kan ní Snellville, ní Amẹ́ríkà níbí, ará Hungary, ni mò ń tọ́jú. Bàbá ò jẹun mọ́ rárá, ọmọ wọn obìnrin ti ń sọ̀rọ̀ hospice, ìtọ́jú ẹni tí ikú ti sún mọ́. Ọkàn mi ò balẹ̀, torí mo fẹ́ràn wọn bí ẹni pé àwọn ló bí mi.

Ìyá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn ní kí n mú àwọn dání lọ́jọ́ kan, pé jíjókòó sílé ti sú àwọn. Ọmọ Bàbá ní kò burú.

Bí Màmá ṣe wọlé, fọ́tò ọkọ̀ ojú omi kan lára ògiri ni wọ́n ń bèèrè. Bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ bá lanu! Wọ́n ní bàbá àwọn ló ni ọkọ̀ náà, tó fi ń kó ọkà lórí odò Danube. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, tí ìlú wọn pàdánù, ìlú tó ṣẹ́gun ní kí wọ́n kó àwọn ọkọ̀ odò wá fi san ìtanràn. Sójà wá, wọ́n pààrọ̀ àsíá, wọ́n wa ọkọ̀ lọ.

Ẹ sì mọ ìyá Yorùbá! Kíá, Màmá ní kí n bá àwọn sọ fún Bàbá pé kí wọ́n máa dúpẹ́, ọkọ̀ ló lọ, kì í ṣe ẹ̀mí. Mo túmọ̀ ẹ̀ pátá. Ṣé kì í ṣe bá a ṣe ń tu ara wa nínú nìyẹn?

Bàbá ní:

"Ẹ̀mí lọ. Bàbá mi dúró létí odò títí a ò fi rí ọkọ̀ náà mọ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó rìn wọnú omi. Èmi ni mo gbé bàtà náà délé."

Ha! Mi ò mọ ibi tí mo lè fojú sí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá, wọ́n kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, tàwọn ti orúnkún tó ń dùn wọ́n.

"Bàbá, ẹ kú ará fẹ́ra kù o."

Bí mo ṣe túmọ̀ ẹ̀, Bàbá bú sẹ́kún. Wọ́n ní ìjọba méjèèjì jiyàn lórí ọkọ̀ yẹn fún ọdún gbọọrọ, tokùn-tokùn, tìdákọ̀ró-tìdákọ̀ró. Kò sẹ́ni tó kí àwọn kú ọ̀fọ̀ bàbá àwọn rí.

Wọ́n gba ògì díẹ̀ lọ́wọ́ Màmá lọ́jọ́ yẹn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Bàbá kú.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn la ti bá bàtà náà, ó ti gbẹ táútáú. Màmá ní kí ọmọ Bàbá gbé e sínú pósí, kí Bàbá lè dá a padà lọ́run fún bàbá wọn tó ni ín. Ó gbé e síbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kẹ́ ẹ tó sọ pé "kì í ṣe ẹ̀mí," ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ta ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ìtùnú dá lọ́gbẹ́ rí nínú yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á.