Gàrí Tí Mo Yan Lójú Àna Mi

Ìyàwó mi ló máa ń yan gàrí tí à ń jẹ nílé wa ní Ẹdẹ. Iṣẹ́ tèmi, èmi tíṣà, kò ju kí n mu ún, kí n sì sọ pé ó kan jù. Nígbà tó kú, gàrí tó fi sílẹ̀ kù bí ìlàjì àpò. Mo wá ń ṣún un jẹ, bí ẹni pé tó bá tán, òun náà tán nìyẹn.

Láti ọjọ́ fìdáù rẹ̀, n kò dé Alajue tí ìyá rẹ̀ ń gbé mọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹni tó sọ wá di àna ti lọ, kí ni mo tún fẹ́ lọ máa dọ̀bálẹ̀ fún? Irọ́ ni mo ń pa. Ìyá àti ọmọ jọra púpọ̀, ojú náà ni n kò lè wò.

Nígbà tí gàrí tán, mo ra ẹ̀gẹ́, mo bó o, wọ́n bá mi rin ín nílé ẹ̀rọ. Mo dì í sápò, mo gbé òkúta lé e. Ìyàwó mi máa ń fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí omi rẹ̀ lè gbẹ; èmi ò lè dúró. Bílẹ̀ ṣe mọ́, mo dáná sẹ́yìnkùlé, mo da gbogbo rẹ̀ sínú agbada. Ló bá dì gbagidi. Ibi tí mo ti ń fi igbá rò ó, tí èéfín ń ta mí lójú, ni kẹ̀kẹ́ kan ti dúró. Ìyá ìyàwó mi ló sọ̀ kalẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun tigbá lọ́wọ́. Orí mi kọ́ ló wò, agbada ni.

"Ẹ̀bà lo ń tẹ̀ ni?"

Ó bu díẹ̀ fún ewúrẹ́ aládùúgbò. Ewúrẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó yà lọ. Màmá ní òun ti ń gbọ́ ọ tipẹ́ pé tíṣà ni mí, òun ò mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kọ́ èmi alára.

Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpótí, ó bi mí pé kí ló dé tí òun ò rí mi. Mo sòótọ́ fún un. Mo ní n kò mọ ohun tí mo jẹ́ sí i mọ́.

"Ọmọ kan ni mo sin," ó ní. "N ò tíì sin ìkejì. Máa wá sílé."

Mo bú sẹ́kún. N kò sunkún bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ín. Màmá nu ojú tirẹ̀, ó ní kí n kúrò nídìí agbada, pé omi inú gàrí yẹn ti pọ̀ tó, kí n má fi omijé kún un.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé ẹ̀gẹ́ rírin tó ti gbẹ dáadáa wá láti Alajue. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ẹ, bí iná ṣe ń rọra jó, àti pé ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ sinmi. Ọjọ́ méjì gbáko ni apá fi ro mí.

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, n kò jẹun lójú rẹ̀ rí, nítorí àpọ́nlé tí à ń ṣe fún àna. Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹ̀. Lọ́jọ́ tí a yan gàrí yìí tán, Màmá fúnra rẹ̀ ló bomi tútù sí gàrí náà, ó gbé e síwájú mi, kò sì dìde. Mo bu ṣíbí kan sẹ́nu. Ó bi mí pé báwo ló ṣe rí.

"Ó kan jù, Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń fi ìborùn nujú. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ òun ṣe máa ń ròyìn mi fún òun.