Ọ̀dà Ń Sá fún Sharafat

Tẹ́ ẹ bá dé àdúgbò àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe ní Gujranwala, tẹ́ ẹ bi wọ́n pé ta ló mọ mọ́tò kùn jù, wọn ò ní dá yín lóhùn kíákíá. Wọ́n á kọ́kọ́ bi yín padà: "Ẹni tó ń fọ́n ọ̀dà ni àbí ẹni tó ń pò ó?" Torí méjì ni wọ́n. Sharafat ló ń fọ́n ọn, Inayat ló ń pò ó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan, nídìí igi dóńgóyárò kan, tí wọ́n ń bú ara wọn látàárọ̀ dalẹ́ bí orogún.

Sharafat ga, ó tín-ín-rín, imú ló fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń yọ lẹ́nu. Inayat kúrú, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kó tó wọlé.

"Kúkúrú, ṣé ọ̀dà lò ń pò ni àbí ọbẹ̀?"

"Ọbẹ̀ ni. Ṣáà ti imú rẹ bọ̀ ọ́, kó o tọ́ ọ wò."

Inayat kì í wọn nǹkan kan. Tó bá ń wá àwọ̀ mọ́tò tó fẹ́ bá mu, á kán ọ̀dà sí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀, á nà án sóòrùn, á di ojú kan, á ní, "Ó kù díẹ̀." Á fi díẹ̀ yẹn kún un, ó parí. Èékánná yẹn ò mọ́ rí. Àwọ̀ mọ́tò ẹlòmíì ló máa ń wà lórí ẹ̀ nígbà gbogbo.

Ṣùgbọ́n fẹ́sípà, alùpùpù àtijọ́ tí Inayat fúnra ẹ̀ ń gùn, ti dógùn-ún. Lọ́dọọdún, Sharafat á ní, "Jẹ́ kí Iléyá kọjá, màá bá ẹ kùn ún." Iléyá á kọjá. Inayat á ní, "Iléyá ti ọdún wo, Ọ̀gá?" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á mu tíì.

Tauqeer, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Sharafat bí, ló fi páálí kan ránṣẹ́ láti Sharjah lókè òkun. Mọ́tò àwọn olówó ló ń fọ̀ níbẹ̀, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin tí bàbá ẹ̀ ti rí i kẹ́yìn. Agolo ìfọ́n ló kún inú páálí yẹn. Tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn sára mọ́tò, tẹ́ ẹ fi àkísà nù ún, mọ́tò á máa kọ mànà, ẹ lè fi ṣe dígí fá irùngbọ̀n.

Hẹn, Sharafat ya wèrè sí i. Mọ́tò tó bá kùn tán, àfi kó fọ́n ọn, nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ó fọ́n ọn sí táyà. Ó fọ́n ọn sí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó fọ́n ọn sí fúláàsì tíì. Oníbàárà ò ní tíì sọ̀kalẹ̀, Sharafat á ti máa fi imú kígbe: "Ẹ wò ó! Ẹ wò ó! Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́!"

Inayat ní, "Àwa náà ti rí i. Má wulẹ̀ fọ́n ọn sí mi lára, èmi ti ń dán tẹ́lẹ̀."

Oṣù kan ò pé tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò funfun kékeré kan ló ṣáájú, ti olùkọ́ kan. Sharafat fọ́n ọ̀dà sí i lára, ó lọ bí omi wàrà, ó dára. Kó tó sọ ìbọn tó fi ń fọ́n ọ̀dà kalẹ̀, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ihò róbótóróbótó là káàkiri bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ojú ẹja, irin ìsàlẹ̀ sì ń wò yín láàárín wọn. Ó fi sáńpépà ha á kúrò, ó fọ́n òmíràn. Ihò yẹn tún là. Èyí tó tẹ̀ lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí ò fọ́n ọ̀dà bàjẹ́ láti ìgbà tí irùngbọ̀n ẹ̀ ti dúdú!

Goga panẹ́bítà, tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ dojú kọ tiwọn, ni ò jẹ́ kí wọ́n rímú mí. Á di imú ẹ̀ mú, á máa ké bíi Sharafat: "Ọ̀dà, jọ̀ọ́, dúró! Ọ̀dà, níbo lò ń lọ? Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ o!"

Wọ́n ní ojú èèyàn burúkú ló wà lára ṣọ́ọ̀bù. Kó lè lé e lọ, Sharafat so bàtà àlòkù mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sun ata gbígbẹ títí tí gbogbo àdúgbò fi ń wúkọ́. Ọ̀dà ò gbọ́.

Ọjọ́ tí mọ́tò ọkọ ìyàwó wọlé ni nǹkan bàjẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n fẹ́ fi lọ gbé ìyàwó. Bàbá ọkọ ìyàwó dúró sẹ́nu ọ̀nà, Goga náà ti wá wòran. Sharafat fọ́n ọ̀dà pupa tí Inayat pò. Ihò là.

Sharafat yíjú padà. "Inayat, kẹrosíìnì lò ń dà sí tínà tó o fi ń po ọ̀dà."

Inayat gbé agolo ọ̀dà kalẹ̀.

"Kí lo wí?"

"O gbọ́ mi. Ò ń bu tínà gidi lọ tà, o wá ń fi kẹrosíìnì dípò."

Inayat wo èékánná ẹ̀. Ọ̀dà pupa yẹn wà lórí ẹ̀. Ó ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Sharafat."

"Ọdún ò kan ọ̀dà."

Inayat fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ẹ̀ dé ìgúnpá bí ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ó fi igi tó fi ń po ọ̀dà lé orí tábìlì. Ó lọ síbi fẹ́sípà ẹ̀, ó ta á nípàá: kò dáhùn. Ó ta á lẹ́ẹ̀mejì, ó ta á lẹ́ẹ̀meje. Goga bú sẹ́rìn-ín. Èèyàn tó ń bínú lọ, tí fẹ́sípà ẹ̀ ò jẹ́ kó lọ! Inayat fi í sílẹ̀ nídìí dóńgóyárò, ó fẹsẹ̀ rìn lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni Sharafat fi ń po ọ̀dà fúnra ẹ̀. Tínà tuntun, ọ̀dà tuntun, ihò àtijọ́. Ó mọ̀ nínú ara ẹ̀ nígbà yẹn pé kì í ṣe Inayat, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ò tíì lè sọ ọ́.

Yaqub tó ń ta ọ̀dà fún wọn ló bá a níbi tó ti ń fọ́n agolo Sharjah sára mọ́tò kan. Mọ́tò mìíràn tó ti ha sílẹ̀ fún ọ̀dà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Yaqub dúró sójú kan.

"Ọ̀gá Sharafat, ṣé ibí lẹ ti ń fọ́n nǹkan yẹn?"

"Ibí ni. Ọmọ mi ló—"

"Láti ìgbà wo?"

Sharafat ronú. Láti ìgbà wo. Ó jókòó sórí táyà.

Yaqub ní, "Sílíkónì, nǹkan tó ń yọ̀ bí òróró, ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀dà ò lè dì í mú, á máa sá fún un ni. Ẹ fọ́n ọn sí mọ́tò kan, afẹ́fẹ́ á gbé e sára gbogbo èyí tó kù. Ó wà lára àkísà yín. Ó wà lára ògiri. Ó ṣeé ṣe kó wà lára yín gan-an. Bẹ́ ẹ bá ha mọ́tò kẹ́ ẹ tó fi oògùn tó ń fọ sílíkónì fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ kàn ń rì í mọ́lẹ̀ ni." Ó wo yíká. "Inayat dà?"



Ilé Inayat ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Sharafat dìde, ó wọ bàtà, ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá rí fẹ́sípà yẹn. Ó ní, báwo lòun ṣe máa lọ lọ́wọ́ òfìfo? Òun á kùn ún, òun á gùn ún lọ bá a. Ọjọ́ mẹ́ta péré.

Ó gbé fẹ́sípà jáde síta gbangba, jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi oògùn tó rà lọ́dọ̀ Yaqub nù ún, ó sì gé aṣọ funfun tuntun ṣe àkísà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ha á. Òun fúnra ẹ̀ ló po ọ̀dà búlúù. Ó kán an sí èékánná tiẹ̀, ó nà án sóòrùn, ó di ojú kan. "Ó kù díẹ̀." Ọ̀dà yẹn dúró. Ihò kan ò là. Ó dán bí omi inú àwo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ló ń fẹ́ eruku kúrò lórí àga fẹ́sípà nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí sọ̀rọ̀: "Inayat tó ń po ọ̀dà ti jáde láyé. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán la máa kírun sí i lára." Ọkàn ẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójú oorun.

Kí wọ́n tó kírun, àbúrò Inayat dúró níwájú àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ṣẹ ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì í."

Gbogbo wọn ní, "A ti forí jì í."

Ẹnu Sharafat ò gbé e. Kí ni kó forí jì? Ta ni Inayat ṣẹ̀? Ó ń dúró dè wọ́n kí wọ́n bèèrè tòdìkejì, pé ta ló ṣẹ òkú. Wọn kì í bèèrè ìyẹn. Lẹ́mọ́mù gbé ọwọ́ sókè, wọ́n kírun.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta ìsìnkú, ó ti fẹ́sípà lọ sílé Inayat. Kò gùn ún. Rasheedan, ìyàwó Inayat, jáde wá.

"Ìyàwó wa, mo... fẹ́sípà rèé."

Rasheedan gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí iwájú ẹ̀, ó fà á lọ títí dé ẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n Sharafat, ó dán."

"Kì í ṣe kẹrosíìnì. Èmi ni. Èmi ni mò ń—"

"Ó mọ̀ pé ẹ máa wá. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Ó ní, 'Imú gígùn yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń wá lọ́wọ́ òfìfo, á ṣì máa wá nǹkan tó máa gbé dání.'" Ó fi ìbòrí nu ojú. "Wọ́n wẹ̀ ẹ́, ọ̀dà pupa yẹn ò kúrò ní ṣóńṣó èékánná ẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀."

Ní báyìí, tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò dé ṣọ́ọ̀bù Sharafat, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé kí lẹ fi ń nù ún. Goga ò sín in jẹ mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Tauqeer máa ń pè.

"Bàbá, ṣé agolo yẹn ò tíì tán? Kí n fi òmíràn ránṣẹ́?"

Páálí yẹn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Sharafat, ó fi okùn dì í, kò ṣí i mọ́. Sharafat á fi ìka kan ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Kò tíì tán, ọmọ mi. Mò ń lò ó díẹ̀díẹ̀."