Òbúkọ Tí Mo Fowó Ara Mi Rà

Igbe òbúkọ ló máa ń jí wa nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí Kérésì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Baálé mi ló ń bójú tó ọjà tí ọ́fíìsì ìjọba kan ń rà ní Ọ̀yọ́, àwọn agbaṣẹ́ṣe sì mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ta àga fún ìjọba, á kọ́kọ́ wá kí ìyàwó ọ̀gá. Èmi náà ò kúkú lé àlejò. Gbogbo obìnrin ìjọ wa ló ń jẹun ọdún lọ́dọ̀ mi, ẹ wá wo bí mo ṣe ń yan!

Àfi bí ìjọba ṣe ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni káwọn agbaṣẹ́ṣe ti máa fi iye tí wọ́n fẹ́ gbà ránṣẹ́, kí wọ́n má rí ojú ẹnikẹ́ni. Inú baálé mi dùn. Èmi kẹ̀? Kọ̀ǹpútà wo ló ń so òbúkọ mọ́lẹ̀ fúnni? Ọdún dé tán, adìyẹ lásán ò wọ ọgbà wa, bẹ́ẹ̀ mo ti pe àwọn obìnrin ìjọ. Ìtìjú ńlá! Mo lọ sí Sábó, mo ná òbúkọ kan lọ́wọ́ Àláájì ẹlẹ́ran títí ó fi ń làágùn, mo so ó síwájú ilé gbangba, kí wọ́n lè rò pé nǹkan ò tíì yí padà.

Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì rò bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹnìkan lọ fẹjọ́ sùn ní Ọ̀yọ́ pé baálé mi ṣì ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ni wọ́n bá ní kó jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ yóò fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Sábó lèmi ti ra tèmi, ó sì fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ta ló ń gba rìsíìtì òbúkọ? Mo sáré padà lọ kúnlẹ̀: "Àláájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé Ọ̀yọ́."

Ìgbìmọ̀ bi í bóyá ó mọ̀ mí. "Ìyá yìí? Wàláhì, ó ní òbúkọ mi rù, ó ní ó ń wúkọ́, ó ní ó ti darúgbó! Ṣé ẹran àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ná báyẹn?" Alága ò lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Wọ́n ní kí baálé mi padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí à ń bọ̀ wálé, ọkọ mi ní nínú gbogbo ẹran ọdún tí òun ti jẹ nílé wa, ìyẹn nìkan ni kò há òun lọ́fun. Mo bú u lọ́jọ́ náà. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, àwọn obìnrin ìjọ ò yọjú mọ́, àwa méjèèjì là ń pín adìyẹ ọdún wa jẹ. Tó bá jẹun tán, á sùn fọnfọn lórí àga, èmi á sì jókòó tì í, màá máa wò ó.