Ìgò Àkọ́rọ̀ Kan Ṣoṣo

Bí òjò bá ṣú ní Òfìkì, gbogbo wa là ń sáré kó èlùbọ́ wọlé. Bàbá Ìyápọ̀, aládùúgbò mi, ní tirẹ̀, ìta ló ń sáré lọ. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ọdún mọ́kànlá gbáko ló sì ti ń gbe omi òjò sínú ìgò fún Dókítà Misturat, olùkọ́ yunifásítì tó ń ṣèwádìí ojú ọjọ́.

Dókítà ti ṣàlàyé fún un pé omi kan a máa wúwo ju òmíràn lọ, ìwúwo tí ọwọ́ ò lè mọ̀, àfi ẹ̀rọ. Òun ni wọ́n fi ń mọ ibi tí òjò ti ṣú wá, àti bí ooru ayé ṣe ń yí i padà. Àkọ́rọ̀, òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún, ló jẹ wọ́n lógún jù. Ìgò sì gbọ́dọ̀ kún dé ẹnu, kí atẹ́gùn má ráyè wọ̀ ọ́.

Lọ́dún yìí, àkọ́rọ̀ pẹ́ títí èbù iṣu fi gbẹ nínú ebè. Nígbà tó rọ̀, kò pẹ́ tó fi dá. Ìgò kan péré ni Bàbá rí gbe. Kò tíì dé e tí Ìyá Àbíkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀, fi tọ̀pátọ̀pá wọlé. Ojú ń dùn ún, omi àkọ́rọ̀ sì ni àwọn àgbà ilé wọn fi ń bọ́jú.

"Ìyápọ̀ ọmọ mi, bù díẹ̀ fún mi."

Ta ni yóò fi omi du ìyá rẹ̀? Èmi ò jẹ́ dán an wò. Bàbá bu ife kan fún un. Ìgò wá dín, ó bá fi omi kànga kún un dé ẹnu, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó dé e, ó fi ránṣẹ́. Omi ò kúkú lọ́tàá.

Lẹ́yìn oṣù méjì, fóònù Bàbá dún, Dókítà ni.

"Bàbá, omi yìí ò jọ àkọ́rọ̀ rárá. Ṣé ẹ ò da nǹkan mọ́ ọn?"

Bàbá ò lè purọ́, ó jẹ́wọ́.

"Háà, Bàbá! A ò lè lò ó mọ́ nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá tó so kọ́ra ti já."

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Bómi bá dànù tí agbè ò fọ́, a ó tún omi míì pọn. Òjò ṣì ń rọ̀."

"Àkọ́rọ̀ tọdún yìí ti lọ, Bàbá."

Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òkè. Àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun, ṣùgbọ́n kí lèmi náà rí ṣe? Ibẹ̀ ni Ìyá Àbíkẹ́ bá a, ojú ìyá náà ti mọ́ kedere.

"Omi yẹn mà jẹ́ o, ọmọ mi. Bó bá di àmọ́dún, má gbàgbé tèmi."

"Mo ti gbọ́, mà," ni Bàbá Ìyápọ̀ wí.