Ẹran Tí A Kò Bọ̀

Nígbà tí ìyá mi ti Íńdíà dé, ọkàn tí wọ́n lọ tún ṣe fún un ti ń lù dáadáa, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò wọlé sí i lẹ́nu mọ́. Ilé mi ní Kabba ló wá sinmi sí, torí pé èmi nìkan ni obìnrin nínú àwa méjì tó bí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó mú un lọ sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Abuja. Mo gún iyán, ó fi ìka kàn án bí ẹni tó ń wò bóyá omi gbóná. Mo se ẹ̀wà, ó ní ó ń wú òun nínú. Ògì nìkan ló ń mu, ìyẹn náà ìlàjì ife. Dókítà ní ọkàn kò ní ìṣòro mọ́, oúnjẹ ló kù. Bí kò bá jẹun, oògùn á máa jà á nínú, agbára kò sì ní padà. Mo ń wo ìró rẹ̀ tó ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ní ìmọ̀ràn. Wọ́n á ní, “Okun o, Màmá,” wọ́n á jókòó, wọ́n á wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n á wá yíjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo gbé oúnjẹ pamọ́. Ọ̀kan ní kí n fi omi ewúro fọ ikùn rẹ̀. Òmíràn ní kí n máa bẹ̀ ẹ́ bí ọmọ ọwọ́. Mo ń dúpẹ́, mo ń sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, mo ní ẹ̀jẹ̀ nínú, mo ń tu itọ́ funfun jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé mo bi í, ó ní bí òun bá rí ọbẹ̀ ẹran àgùntàn tí àwọn ará Íńdíà ń sè, òun á jẹun. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, mo bi í irú ọbẹ̀ tó jẹ́. Kò mọ̀. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ kí òun wọlé sí wọ́ọ̀dù, búrẹ́dì àti tíì lòun sì fi gbé ẹ̀mí ró títí àwọn fi padà. Ọkùnrin ṣáà. Àmọ́ ó gbìyànjú: ó fi èròjà sọ́kọ̀ láti Abuja, kànáfùrù, àjó, kúmínì, àti àwọn pódà kéékèèké tí mi ò mọ orúkọ wọn, ó sì fi fídíò obìnrin ará Íńdíà kan tó ń se ọbẹ̀ náà ránṣẹ́ sí mi.

Fídíò, èmi tí mo ti ń se ọbẹ̀ láti ìgbà tí mo ń gun àpótí kí ọwọ́ mi tó tó ìkòkò? Mo wo ìdajì rẹ̀, mo pa á. Mo ra ẹran àgùntàn lọ́jà, èyí tí wọ́n ti fi iná jó irun rẹ̀ tí awọ rẹ̀ ti pọ́n, bí a ṣe ń fẹ́ ẹ níbí. Mo fi àlùbọ́sà, iyọ̀ díẹ̀ àti táìmù bọ̀ ọ́, mo dín in, mo wá da èròjà Abuja lé e lórí. Ó pupa, ó ń dán, ọkọ mi ti ń yọjú wo ìkòkò. Mo gbé e síwájú ìyá mi. Kò fọwọ́ kàn án. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì ti àwo náà padà.

“Ọbẹ̀ ìsìnkú nìyí,” ó ní. “Kì í ṣe èyí.”

“Ẹ tọ́ ọ wò ná, Màmá.”

“Imú mi mọ̀ ọ́n.”

Inú bí mi. Èmi àti ọkọ mi la jẹ ọbẹ̀ náà tán, inú ṣì ń bí mi, ó sì dùn.

Nígbà tí inú mi rọ̀, mo wo fídíò náà dé òpin. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó dẹ́rù bà mí: obìnrin yẹn kò bọ ẹran. Ó kó ẹran tútù, ó dà á sínú àlùbọ́sà tó ti dín. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ìyàwó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá ọkọ á pe ará ilé wá wò ó. Bíbọ ẹran ni ohun àkọ́kọ́ tí ìyá mi fúnra rẹ̀ kọ́ mi nílé ìdáná. Omi àkọ́bọ̀ àgùntàn gan-an, ó ní kí n máa dà á nù. Ẹran ti obìnrin náà kò sì ní awọ rárá. Mo wá rí i pé iná tí a fi jó irun ẹran àti omi tí a fi bọ̀ ọ́ ló ń sọ ọbẹ̀ mi di ọbẹ̀ Kabba, kò sí èròjà tó lè bò ó.

Mo tètè dé ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, kí wọ́n tó gbé àgùntàn sórí iná. Mo ní kí alápatà bó awọ kúrò lára itan tí mo fẹ́ rà. Ó wò mí. “Ìyá, awọ ló dùn jù,” ó ní. Mo ní mo mọ̀, kó máa bó o. Ó bó o, ó sì di awọ náà sínú ọ̀rá mìíràn fún mi, bóyá ojú mi á là tí mo bá délé. Mo gun ọ̀kadà padà. Fídíò ní kí a fi yúgọ́ọ̀tì pa ẹran lára, ti ike inú ṣọ́ọ̀bù sì ti dùn jù, nítorí náà mo ra nọ́nọ́ lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó ń kiri wàrà kíkan. Ó bi mí bóyá kó po fúrá mọ́ ọn. Mo ní rárá, ẹran ni mo fẹ́ fi pa lára. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá igbá orí rẹ̀ mú.

Mo po nọ́nọ́ mọ́ aáyù àti atalẹ̀ tí mo gún, mo fi pa ẹran, mo fi í sílẹ̀ kó mu. Mo dín àlùbọ́sà pẹ̀lú èròjà títí ó fi pọ́n. Nígbà tó kan ẹran, ọwọ́ mi kọ̀. Mo dúró ti ìkòkò pẹ̀lú abọ́ ẹran tútù lọ́wọ́, mo ń wẹ̀yìn bí olè. Mo dijú, mo dà á sínú. Mi ò bu omi sí i. Ẹran náà ló ń sun omi ara rẹ̀. Mo ń rò ó, mo ń rò ó, òróró bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí ìkòkò, òórùn kan tí mi ò gbọ́ rí lábẹ́ òrùlé mi sì gba inú ilé kan.

Mo gbọ́ ìró ọ̀pá. Ìyá mi, tí a máa ń bẹ̀ kó tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

“Òun nìyẹn,” ó ní.

Mo sáré gún iyán. Ó jókòó síbẹ̀, ó kọ̀ láti padà sí pálọ̀. Ó bu òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀, ó gbé e mì. Ó sinmi díẹ̀, ó bu òmíràn. Nígbà tó ya ẹran jẹ, omi bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún.

“Ṣé bó ṣe ń dùn lọ́hùn-ún nìyí?” ni mo bi í.

“N kò mọ̀,” ó ní. “N kò tọ́ ọ wò rí.”

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. “Màmá, kí lẹ wá fi mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ kọ́ ni?”

“Òórùn rẹ̀ ni mo mọ̀.” Ó jẹ òkèlè kan sí i kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní obìnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ òun ní ọsibítù, àgbà bíi tòun, ọkàn náà ló ń ṣe é. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, wọ́n kàn máa ń juwọ́ síra wọn láàárọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń gbé ọbẹ̀ yìí wá fún un lọ́sàn-án. Obìnrin náà á na abọ́ sí ìyá mi, nọ́ọ̀sì á ní rárá, ìyá mi kò tíì lè jẹ ẹ́. Obìnrin náà á wá fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé kò burú, bí ara àwọn méjèèjì bá yá, àwọn á jọ jẹ ẹ́.

“Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fa kọ́tìnnì yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká,” ìyá mi ní. “Ọmọ rẹ̀ gbé abọ́ dé lọ́sàn-án, kò tíì gbọ́ pé ìyá òun ti dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fẹ́ gbé oúnjẹ sẹ́nu, abọ́ yẹn ni mo ń rí.”

Mo fa àpótí, mo jókòó tì í. Ó jẹ iyán náà tán, ó fi ìka nu ojú àwo, ó sì tì í sọ́dọ̀ mi.

“Bu sí i,” ó ní. “Tèmi ni mo jẹ yìí. Ó ku ti obìnrin yẹn.”