Ó Kù Díẹ̀ Ká Dé Ilé Iná

Ó-Kù-Díẹ̀ là ń pe aládùúgbò mi tó máa ń mú àwọn àlejò gba orí àpáta etí òkun lọ sí ilé iná àtijọ́, ilé gogoro funfun tó ń tanná fún ọkọ̀ ojú omi láyé àwọn bàbá wa. Bí èèyàn bá ti bi í pé, "Ṣé ó ṣì jìnnà?" ìdáhùn kan náà ni: "Ó kù díẹ̀." Irọ́ gbáà! Ẹsẹ̀ mi ni ẹlẹ́rìí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó mú màmá rẹ̀ dání. Láti ìgbà tí màmá ti délé ọkọ ló ti ń wo ilé iná yẹn látojú fèrèsé yàrá rẹ̀, kò sì débẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n Ó-Kù-Díẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fárígá.

"Pẹ̀lú orúnkún yẹn? Ọwọ́ ẹ la ti máa béèrè màmá o!"

Ó gbọ́, ó sì mú màmá lọ. Olóríkunkun ni.

Òun ló ń ṣíwájú, ìyàwó rẹ̀ ń kẹ́yìn pẹ̀lú màmá, èmi, télọ̀ àdúgbò wa àtàwọn yòókù wà láàárín. Níbi tí ọ̀nà ti rí tóóró, tí òkun ń bú ramúramù nísàlẹ̀, la ti gbọ́ igbe ìyàwó rẹ̀ látẹ̀yìn. Atẹ́gùn ò jẹ́ ká gbọ́ ọ dáadáa.

"Kí ló wí?" Ó-Kù-Díẹ̀ béèrè.

Télọ̀ yíjú sí i. "Ó ní... ó ní màmá kú."

Ó-Kù-Díẹ̀ ju ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì sáré padà lójú ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti sáré. "Mo gbé! Kí ni mo fẹ́ wí fún ẹ̀gbọ́n mi?" A tẹ̀ lé e.

Bí a ṣe yí kọ̀rọ̀ àpáta, màmá rèé lórí òkúta, ó bọ́ bàtà kan, ó ń gbọn yanrìn inú rẹ̀ dànù.

"Mo ní màmá kù sẹ́yìn!" ìyàwó rẹ̀ ṣàlàyé. "Mo ní kẹ́ ẹ dúró dè wá ni!"

Kù ni, kì í ṣe kú. Atẹ́gùn ti gbé ohùn ọ̀rọ̀ lọ. Ara mi wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọkùnrin gìdìgbà yẹn sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Ta ló kú?" màmá béèrè.

"Ẹ̀yin ni, mà," télọ̀ dáhùn kó tó ronú.

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Dìde, jàre. Ṣé ó ṣì jìnnà?"

Ó nu ojú rẹ̀. "Ó jìnnà, màmá. Ẹ jẹ́ ká rọra máa lọ." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ òótọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tá a dé òkè ilé iná, òkun tẹ́ lọ salalu níwájú wa. Màmá ò tiẹ̀ wò ó. Ọ̀dọ̀ àwọn ilé tó wà ní òdìkejì omi ló kọjú sí.

"Fèrèsé mi nìyẹn. Kí ló ń fì níbẹ̀?"

Aṣọ funfun ni. Ẹ̀gbọ́n ló dúró síbẹ̀, tó ń ṣọ́ wa. Màmá tú ìborùn rẹ̀, òun náà ń fì í padà. Ó-Kù-Díẹ̀ di màmá mú gírígírí látẹ̀yìn, ó wá mí kanlẹ̀.