Òmù Àjèjì Nínú Abọ́ Àdúrà

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Akpakpa níbí, adágún omi kan wà lẹ́yìn ilé wa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò bá rí i! Òṣíbàtà tẹ́ ewé rẹ̀ pẹrẹsẹ sójú omi, òdòdó rẹ̀ funfun báláú, ojú oró sì ń léfòó láàárín wọn. Bí wọ́n bá bímọ lágbo ilé wa, ìyá mi á ká ìró sókè, á wọ omi lọ já méjèèjì, á fi wọ́n sínú abọ́ omi tútù. Kìrìsìtẹ́nì ni wá o. Bí pásítọ̀ bá ti gbàdúrà tirẹ̀ tán, ìyá mi á ti ọwọ́ bọ omi náà, á ní, "Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ọmọ yìí, wàá lékè." A ó sì ṣe àmín.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ-ọmọ mi bímọ. Orúnkún ò jẹ́ kí n lè wọ omi mọ́, mo bá rán ọmọbìnrin mi. Ó gbé abọ́ dé, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo ní, "Ojú oró..." Mo wo inú abọ́. Ewé kéékèèké onírun kan báyìí ló kún inú abọ́!

"Kí lèyí?"

"Ojú oró ni, Màmá. Òun nìkan ló wà níbẹ̀."

Mo ní kí wọ́n mú mi lọ sétí adágún náà. Yéè! N ò rí omi rárá. Ewé yẹn bò ó láti etí dé etí, adìẹ kan tilẹ̀ ń rìn lórí rẹ̀, ó ń ṣa nǹkan jẹ. Mo fi ọ̀pá mi tú u, ewé òṣíbàtà kan jáde lábẹ́ rẹ̀, ó ti jẹrà. Olùkọ́ kan ládùúgbò ló là mí lóye pé ìbátan òmù tó ń hù lára ọ̀pẹ ni, pé òkè òkun ni wọ́n ti gbé e wá fún ẹwà, ẹnì kan ló sì dà á somi nígbà tó kún báàfù rẹ̀. Oòrùn kì í ráyè dé ọ̀dọ̀ ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀.

Ayé ti yí o. Láyé ìyá mi, ohun tí a fi ń súre ń bẹ níwájú wa. Lónìí, ọmọ tí mo bí fúnra mi ò dá ojú oró mọ̀!

Mo da ti inú abọ́ nù sórí yanrìn gbígbóná, kó má baà padà sómi. Omi lásán ni mo fi súre fún ọmọ náà. Mo ní kó lékè, ṣùgbọ́n ohùn mi ń gbọ̀n, nítorí mo ti fojú ara mi rí ohun tó lékè ojú oró.